Oògùn Ìwọ́ Kì Í Ṣe Oògùn Ojú

Níbi ìkómọ kan tí mo lọ ní Kuje, màmá ìyàwó ṣí ike tí wọ́n kó nǹkan ọmọ sí. Àdí wà níbẹ̀, òwú wà níbẹ̀, túùbù kékeré méjì sì sùn ti ara wọn bí ìbejì. Mo ní, "Mọ́mì, èwo ni tojú, èwo ni tìwọ́?" Wọ́n gbé méjèèjì sókè, wọ́n yí wọn síwá sẹ́yìn, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, ìyàwó ló mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ń sùn lọ́wọ́. Àwọn mọ́mì yìí ló sì ń wẹ ọmọ.

Oògùn ìwọ́ yìí, chlorhexidine, kì í ṣe ọ̀tá. Ojú egbò ni ìwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọ ara ọmọ. Ní Sarlahi, lórílẹ̀-èdè Nepal, wọ́n fi ra ìwọ́ àwọn ọmọ tuntun. Nígbà tí èsì ìwádìí náà jáde ní 2006, ikú ti fi ìdá 24 nínú 100 dín kù láàárín wọn. Ó sàn ju ọṣẹ ìfọyín lọ, ó sàn ju ìgbẹ́ màlúù lọ, ẹ má sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí mo ti rí lórí ìdodo ọmọ.

Àmọ́ ohun tó ń pa kòkòrò nídodo lè jó ẹyinjú. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé láti 2015, ó lé ní 40 ènìyàn tí ojú wọn ti ṣèṣe nítorí àṣìlò oògùn yìí, ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà. Èyí tó jẹ́ olómi ló pọ̀ jù nínú àṣìṣe náà, torí ìgò rẹ̀ jọ ìgò oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Èyí tó wà nínú túùbù náà sì jọ ìpara ojú.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ojú ọmọ ń sepin. Òru ni, kò síná. Ẹ tún wá lọ fi í sí abúlé kan lẹ́yìn Rubochi, tàbí Yaba (ti Abaji ni mò ń wí, kì í ṣe ti Èkó), níbi tí ẹ ò ti lè kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni láago méjì òru. Ìyá àgbà na ọwọ́ sínú ike.

Nítorí náà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé tí ẹ ń gun ọ̀kadà wọ abúlé, ẹ̀yin CHEW tí gbogbo wa ń pè ní nọ́ọ̀sì, ẹ má bá ìyá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè pé, "Ta ló ń wẹ ọmọ yìí?" Ẹ pe ẹni náà jókòó, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú oògùn náà, kí ó sì fi ibi tí yóò fi í sí hàn yín. Ẹ má kó oògùn ojú àti tìwọ́ sínú ọ̀rá kan náà.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ so òwú pupa mọ́ tìwọ́ lọ́rùn. Ẹni tí kò kàwé á fọwọ́ bà á mọ̀ lókùnkùn. Ẹ gbé e sọ́tọ̀, ẹ má dà á sínú ìgò mìíràn. Ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ bá ń sepin, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má fi nǹkan kan sí i nílé, omi ọyàn pàápàá.

Bí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ la ojú ọmọ, ẹ máa da omi tútù tó mọ́ sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ gbéra. Ẹni tó bá wà lápá Gwagwalada, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Abuja wà níbẹ̀. Ẹ má bú ìyá àgbà o. Ìtìjú ló ń mú kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí wọ́n bá yín lọ, kí túùbù náà sì wà lọ́wọ́ wọn, kí dókítà lè rí i.