Ìtọ̀ Pupa Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Adó-Èkìtì, Ìyìn àti Ìgèdè, bí wọ́n bá fún yín ní oògùn ikọ́ ife, ìtọ̀ yín lè pọ́n bí epo pupa. Ẹ má fòyà, ẹ má sì da oògùn nù. Àwọ̀ rifampicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, ni. Omijé pàápàá lè pọ́n.

Inú erùpẹ̀ tí wọ́n bù ní ilẹ̀ Faransé ní 1957 ni wọ́n ti rí ìpìlẹ̀ oògùn yìí. Kòkòrò ikọ́ ife ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú tó fi ń ṣe àdàkọ ìlànà ara rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ni rifampicin ń há mọ́, kòkòrò á sì kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa sùn pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyí tí ìtọ́jú fi máa ń gba oṣù 6. Ikọ́ á ti dáwọ́ dúró ṣáájú, ara á ti yá, ọmọ á ní òun ti sàn, á sì dá oògùn dúró. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà! Kòkòrò tó ṣẹ́kù lè di èyí tí kò gbóògùn mọ́.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, torí rifampicin máa ń dín agbára rẹ̀ kù.

Bí ikọ́ bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba.