Kí Sòbìà Tó Degbò

"Kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí." Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń pa òwe yìí lónìí kò fojú rí sòbìà rí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Tamale, ní àríwá Gánà, àwọn tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ṣì ń rántí rẹ̀: aràn funfun bí òwú tó ń yọ lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń ká mọ́ igi, tí àgbẹ̀ kò sì ní lè dé oko. Ní 1989, ó kù díẹ̀ kí iye àwọn tó mú ní Gánà pé 180,000. Ní 2007, ó tún ru sókè ní Savelugu, ìlú tí kò jìnnà sí Tamale. Oṣù Karùn-ún 2010 ni wọ́n rí ẹni tó mú kẹ́yìn, ní 2015 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ náà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ṣe tiẹ̀, oògùn tí wọ́n dà sínú adágún ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣíwájú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹnìkan ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ẹni tí aràn náà mú, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Ìwọ ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ agbẹ̀bí tàbí iṣẹ́ dókítà, tí wọ́n ní kí o ṣe ìwádìí kí o tó gboyè, iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́. UDS, yunifásítì tí òfin 1992 dá sílẹ̀ ní àríwá Gánà, ti fi í ṣe àṣà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo apá kan ọdún láàárín ará ìlú. Yunifásítì Ìbàdàn náà ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà láti 1963, kí wọ́n lè rí àìsàn níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó di ohun orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ká ní Changli, nínú ìlú Tamale, ni wọ́n rán ọ lọ. O bá ìyá kan lágbàlá, ó ń gún èso èmì. O ṣí ìwé ìbéèrè, ó di: "Ọmọ mélòó lẹ bí? Mélòó ló kú?" Ìyá náà dákẹ́, ọmọ odó ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Nígbà tó yá, ó ní, "Mẹ́ta." O kọ mẹ́ta. Márùn-ún sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń wò ọ́.

Ìyá yẹn kò purọ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìwọ lo kọ́kọ́ ṣe ohun tí a kì í ṣe. Kọ́kọ́ kí i. "Dasiba" ni ìkíni àárọ̀ lédè Dagbani, yóò sì dá ọ lóhùn pé "Naa." Jókòó. Sọ ẹni tí o jẹ́ àti ìdí tí o fi wá, sì jẹ́ kó mọ̀ pé bó bá kọ̀, kò sẹ́ni tí yóò tìtorí ẹ̀ lé e ní ọsibítù. Lẹ́yìn náà, béèrè orúkọ àkọ́bí rẹ̀, àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Àwọn tí kò sí mọ́ yóò jáde fúnra wọn láàárín ọ̀rọ̀, pẹ̀lú omijé nígbà mìíràn. Bó bá dà bẹ́ẹ̀, gbé bírò sílẹ̀. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé yàrá ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kún igba ìwé ìbéèrè ní alẹ́ kan ṣoṣo. Oyè bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n irọ́ wà nínú ìwé tí ẹlòmíràn lè gbé ìtọ́jú aláboyún kà. Ká ní àwọn tó ń wá sòbìà kiri ní Savelugu jókòó sábẹ́ igi tí wọ́n kọ "kò sí", ì bá ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ di òní.

Ohun tó ń ti ọmọ sínú irú èyí kì í sábà jẹ́ ìwà burúkú. Ó ti pẹ́ jù kó tó ké gbàjarè ni. Ké sí olúgànbe rẹ ní kùtùkùtù. Fi ìwé ìyọ̀ǹda ránṣẹ́ kí ọdún tó jìnnà. Fi mẹ́wàá péré nínú ìwé ìbéèrè náà wádìí wò, gbé e tọ ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà lọ, kí ẹni tó mọ ìṣirò náà bá ọ wò ó, nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa ní kí ọmọ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ títí oṣù yóò fi yí po. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Bí o bá sì ń ṣírò owó ọkọ̀, ṣírò ti ìrìn méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí o fi máa lọ béèrè. Èkejì, lẹ́yìn tí o bá ti kọ̀wé tán, ni kí o padà sí àgbàlá yẹn ní Changli pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ Dagbani, kí o sọ fún ìyá náà ohun tí o rí nínú ọ̀rọ̀ tó bá ọ sọ.