Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Ẹ̀fọ̀n Tí Ẹ Ń Ya Fláyà fún Ilé Fàájì

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ya fláyà àti lógò fún kílọ́ọ̀bù, báà àti hòtẹ́ẹ̀lì, láti Ìkọ́gòsì dé Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́, mo gbọ́ pé ẹ ń pe iṣẹ́ yín ní iṣẹ́ ayé òde òní. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni yín. Nílùú yìí, kí wọ́n tó bí bàbá mi ni àwọn kan ti ń gba iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ ọba àti olówó tó fẹ́ kí ayé wo òun: ilẹ̀kùn gbígbẹ́, òpó ààfin, adé onílẹ̀kẹ̀. Owó ló ń yọ yín lẹ́nu jù, òun ni n óò fi bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ gba owó kí ìlù tó dún. Bí òde bá ku ọ̀la, oníbàárà á máa pè yín láàjìn. Bí òde bá ti tú, kò ní gbé fóònù mọ́. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, èyí tí ẹ kọ orúkọ yín gàdàgbà gba àárín rẹ̀ kọjá ni kẹ́ ẹ fi hàn án. Ìgbà tí ìdajì kejì bá wọlé ni kẹ́ ẹ fi ojúlówó ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan mìíràn rọ́pò owó, ẹ má gbà: tábìlì iwájú, ìgò ọtí méjì, “a ó máa polówó yín”, kò sí èyí tó ń ra dátà nínú wọn, kò sì sí èyí tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀.

2. Mo mọ̀ pé ẹ ó fi Lemi Ghariokwu, ayàwòrán tó ya páálí àwo orin fún Fẹlá, dá mi lóhùn. Ẹ gbọ́ ìtàn náà dáadáa. Akọ̀ròyìn kan, Babatunde Harrison, rí àwòrán Bruce Lee tí Lemi yà nínú báà kan l'Ékòó, ló bá mú un lọ bá Fẹlá. Ọdún 1974 ni. Ọmọ náà ò tíì pé ogún ọdún. Fẹlá kọ ṣẹ́ẹ̀kì náírà 120 fún un nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ò gbà á. Fẹlá wá fún un ní ìwé tí yóò máa fi wọ Shrine, kílọ́ọ̀bù Fẹlá, lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ lẹ máa ń dúró sí. Fẹlá ti na owó síta ná! Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ní òun ò gbà á. Ọ̀gá kílọ́ọ̀bù tó ní kẹ́ ẹ wá mu ọtí ọ̀fẹ́, ṣé ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì kankan?

Èrè tí Lemi jẹ níbẹ̀ ju fàájì lọ. Ó ń jókòó ti Fẹlá, ó ń gbọ́ orin kó tó di àwo. Ìdí nìyẹn tí páálí Alagbon Close àti Zombie fi ń sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Páálí 26 ló yà fún un. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ lọ jókòó sí báà náà lálẹ́ ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ fowó ara yín ra mínírà. Ẹ wo irú ẹni tó ń wọlé, àwọ̀ iná ibẹ̀, orin tí díjéè ń fi sí i. Báà tí àwọn tíṣà ti ń jẹ ẹja yíyan kò nílò fláyà kílọ́ọ̀bù Lẹ́kí.

3. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ka déètì àti nọ́ńbà fóònù kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Dúdú tó ń dán lójú fóònù lè jáde bí eérú lórí bánà. Ẹ ní kí onítẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ kékeré kan wò.

4. Ẹ má fi ọmọdé sínú ìpolówó ọtí. Láti 2022, àjọ ARCON lòfin gbé àbójútó ìpolówó lé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní ti obìnrin oníhòhò, ẹ bi ara yín bóyá ìyá yín lè dúró lábẹ́ bánà náà níbi tó ti ń dúró de mọ́tò Iléṣà.

5. Ẹ fi orúkọ yín sí iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀fọ̀n níbí ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére kó tó di gbajúmọ̀ ní Ìsẹ̀-Èkìtì. Ní 1924, ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, dé ibi àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà ò gbowó, àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn, nítorí ọwọ́ tó gbẹ́ ti àkọ́kọ́ ṣì wà. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n ọba yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àárín olówó méjì ni ìdúnàádúrà náà wà. Lónìí, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 wà: iṣẹ́ tí ẹ yà fún oníbàárà, tiyín ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ àfi bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gbé e fún un. Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé òde kan ṣoṣo ni fláyà yìí wà fún. Bó bá fẹ́ gbé e sára súwẹ́ẹ̀tì tàbí ìgò ọtí, owó mìíràn nìyẹn. Ẹ sì má fi fáìlì tí ẹ fi yà á gan-an lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

6. Kò di dandan kẹ́ ẹ kó lọ sí Èkó. Ẹ̀fọ̀n níbí nilé Adéṣínà wà tí wọ́n ń ṣe adé tí àwọn ọba ìlú mìíràn ń dé. Bó bá jẹ́ iná tó ń ṣe ségesège níbí ló fẹ́ lé yín lọ, ẹ sọ fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ ń gbà, àti pé àtúnṣe tó bá béèrè lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, owó rẹ̀ yàtọ̀.