ÀRỌ̀KÚRÒ NÍ ÒKÒTÀ: KÍKỌ́ ỌMỌDÉ NÍ Ọ̀RỌ̀ OJÚ ỌJỌ́ LÁTI INÚ ÌGBÉ AYÉ OJOOJÚMỌ́

Ìfáárà

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan, mo lọ ṣe àbẹ̀wò sí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkòtà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ìpínlẹ̀ Èkó. "Àwọn Ìgbà inú Ọdún" ni àkọlé iṣẹ́ ọjọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ yìí kọ ìgbà mẹ́rin sí ojú pátákó: ìgbà ìrúwé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù. Ẹnu àlàyé ìgbà ìwọ́wé ni ó wà tí òjò fi dé lójijì. Ariwo òjò lórí páànù kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí òjò dá, ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, èwo ni tiwa tí a wà yìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Olùkọ́ wo pátákó, ó wò mí, kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, nítorí pé èmi gan-an ni mo bu ọwọ́ lu ìwé ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè ọmọ yẹn ní èsì nínú èdè Yorùbá. Àrọ̀kúrò ni èsì náà. Olùkọ́ èdè tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń fojú rí yóò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ohun tí ó tọ́ka sí.

Ìgbà inú Ọdún ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìgbà méjì pàtàkì ni Yorùbá mọ̀: ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n a tún pín wọn sí wẹ́wẹ́. Àkọ́rọ̀ ni òjò tí ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ní Èkó, oṣù kẹfà ni òjò sábà máa ń pọ̀ jù. Láti ìparí oṣù keje wọ oṣù kẹjọ, òjò a dáwọ́ díẹ̀, ojú ọ̀run a sì ṣú láìrọ̀. Bí ó bá di oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, òjò a tún padà. Èyí ni àrọ̀kúrò, tí ó máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Samuel Àjàyí Crowther wà lára wọn, rí àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò lò. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n.

Ìgbà mẹ́rin inú ìwé jẹ́ ti àwọn ará ilẹ̀ òtútù. Bí a bá gbé e lé ojú ọjọ́ Èkó, kò bá a mu. Oṣù kẹjọ tí oòrùn ń mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn oṣù tí ara máa ń tu wá jù ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ́wé. Igi fúrúùtù tí ó wà ní ọgbà ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó máa ń wọ́wé lóòótọ́, ewé rẹ̀ a sì pọ́n kí ó tó já. Àràbà náà máa ń wọ́wé. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nítorí àìtó omi. Ní ilẹ̀ òtútù, kíkúrú ojúmọmọ àti òtútù tí ń bọ̀ ni ó ń fà á. Nítorí náà, ọmọ Òkòtà tí ó gbọ́ "ìgbà ìwọ́wé" yóò ro oṣù kìíní, kò ní ro oṣù kẹwàá.

Ohun tí ó ń Mú Ojú Ọjọ́ Àrọ̀kúrò Yí Padà

Atẹ́gùn méjì ni ó ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó kún fún omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá ìlà-oòrùn, gbígbẹ ni, ó sì ń kó eruku. Ibi tí méjèèjì ti pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ó ti lọ jìnnà sí àríwá, òjò púpọ̀ sì tẹ̀lé e lọ. Ìdí nìyí tí òjò fi ń dáwọ́ ní etí òkun. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ó ń padà bọ̀ wá sí gúúsù. Àkókò ìpadàbọ̀ yìí ni ìjì àti àrá máa ń ti ìhà ìlà-oòrùn wá. Òwúrọ̀ lè mọ́ kedere, kí ìrọ̀lẹ́ sì kún fún ọ̀wààrà òjò. Ní oṣù kejìlá sí ìkíní, ojú ibi ìpàdé náà súnmọ́ etí òkun, ọyẹ́ a sì dé Èkó.

Àrọ̀kúrò nínú Ìgbé Ayé Ará Òkòtà

Ẹni tí ó bá dúró ní Òpópónà Òkòtà láti Sẹ́lẹ́, tàbí ní Àgọ́ Palace Way, ní ìgbà àrọ̀kúrò, yóò rí bí ojú ọjọ́ ti ń darí ìṣe ènìyàn. Ìyá tí ó sá aṣọ ní òwúrọ̀ a máa bojú wo ọ̀run. Bí òjò bá ṣú, ọlọ́jà a na tapólì bo ọjà rẹ̀; bí ó bá ń kù, èrò a sáré wọ dánfó. Òjò lè máa rọ̀ wínníwínní, ó sì lè di ọ̀wààrà. Bí gọ́tà bá dí, àgbàrá a gba ojú ọ̀nà, a sì di omíyalé. Àwọn àgbà ní, "Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un." Òwe yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ lásán fún ẹni tí ó ń gbá omi jáde ní yàrá rẹ̀. Ìkún omi ọdún 2012 àti 2022 tí ó ba ilé àti oko jẹ́ ní agbègbè odò Ọya àti Bẹ́núè le gan-an ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Nítorí náà, ọmọ tí ó mọ ohun tí àrọ̀kúrò ń jẹ́ ti mọ àkókò tí ó yẹ kí a ṣọ́ra.

Ẹ tún wo orúkọ agboòrùn àti agbòjò. Ohun èlò kan náà ni, iṣẹ́ tí a fi í ṣe ni ó yàtọ̀. Ní ìgbà àrọ̀kúrò, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè gbé e gẹ́gẹ́ bí agboòrùn lọ, kí ó sì gbé e gẹ́gẹ́ bí agbòjò bọ̀.

Ìgbésẹ̀ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Mo dábàá ìgbésẹ̀ mẹ́rin wọ̀nyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wa:

(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àtẹ ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó bá ojú ọjọ́ mu sí abẹ́ òwúrọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́: oòrùn ń ràn, òjò ṣú, òjò ń kù, òjò ń rọ̀, òjò dá.

(ii) Kí wọ́n bi àgbà kan nílé ní ìyàtọ̀ láàárín àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò àti ẹ̀yà mìíràn ń gbé ní Òkòtà, kí olùkọ́ gba èyí tí wọ́n bá mú wá láti inú èdè tiwọn, kí wọ́n sì fi í wé ti Yorùbá.

(iii) Kí wọ́n jíròrò orúkọ oṣù. Ọ̀wàrà ni orúkọ oṣù kẹwàá. Kí wọ́n pè é, kí wọ́n sì pe ọ̀wààrà òjò, kí wọ́n fetí sí ìró méjèèjì.

(iv) Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ tó mẹ́nu ba ìgbà mẹ́rin ilẹ̀ òtútù, kí ó sì sọ ilẹ̀ tí ó ni wọ́n. Nínú ìdánwò, a kò gbọdọ̀ gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí ó kọ ìgbà méjì.

Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí kò sọ pé kí a má kọ́ ọmọ ní ti ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí ó ń sọ ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a kò bá lo àrọ̀kúrò ní kíláàsì, àwọn tí a ń kọ́ kò ní rí i fi kọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí àwa tí a ń bu ọwọ́ lu ìwé ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ bojú wo ìta fèrèsé kí a tó gbé bírò.