Ẹrù Tí A Kì Í Dá Gbé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa wá bá mi ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ó ní orí òun ń gbóná, ó ń ṣe òun bíi pé kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ orí òun, àyà òun sì ń já láìnídìí. Ó ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní taifọ́ọ̀dù ni, ó gba abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ se àgbo títí. Mo bi í bó ṣe ń sùn. Ó ní bí aago mẹ́ta òru bá ti lù, ojú òun á là, oorun ò sì ní padà wá mọ́. Mo bi í bóyá ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Ó wolẹ̀. “Màmá, kò wù mí mọ́.”

Ibẹ̀ ni mo ti fura pé kì í ṣe ibà.

Ọdẹ orí làwọn àgbà ń pe orí gbígbóná àti kòkòrò tó ń rìn yẹn. Àwọn dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ìsoríkọ́ tàbí àìbalẹ̀ ọkàn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà kì í sábà sọ pé inú òun bàjẹ́. Ara ló máa ń kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Ìdí nìyẹn tí owó fi ń tán lórí oògùn ibà.

Mo mọ àìsàn yìí láti kékeré, torí abúlé kan nítòsí Aro, l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti tọ́ mi. Lọ́dún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, dá ètò kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ayé ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dòní. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù àrùn ọpọlọ tó wà ní Aro ká, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìyá mi gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ sílé. Ọ̀kan tí n kò lè gbàgbé ni àgbẹ̀ kan tí àbúrò rẹ̀ obìnrin mú wá. Kò pariwo, kò bọ́ra síhòòhò, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìdí igi ọsàn ló ń jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Èmi tí mo rò pé wèrè nìkan ló ń wá sí Aro, mo bi ìyá mi pé kí ló ṣe é. Ó ní, “Ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀.” Ìgbà tó yá, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọkùnrin náà tọ́ ọbẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún. Ìyá mi dìde, ó jó.

Lọ́dún 1976, ó kàn mí. Mo bí ọmọ kejì ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń kí mi kú ewu ọmọ, mo ń dáhùn pé ewu iná kì í pa àwòdì. Bí wọ́n bá ti lọ tán, màá máa wo ọmọ náà bí ọmọ ẹlòmíì. Mo gbà lọ́kàn ara mi pé ìyá burúkú ni mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní àbísínwín ló ń bọ̀ yẹn. Ẹkún tó máa ń gun ìyá ìkókó lẹ́yìn ìbímọ kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Tèmi ti wọ oṣù kejì. Ìyá mi tó wá wẹ ọmọ ló fura. Ó ní, “Látìgbà tí mo ti dé, o ò tíì bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀ rí.” Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó mú mi lọ́wọ́, ó di ọsibítù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó bá mi wá, ìyá mi kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi dáhùn.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ló ń fà á. Ìbímọ fa tèmi. Ọ̀fọ̀ lè fà á, àìríṣẹ́ṣe lè fà á, àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀ lè mú un dání. Ó ń rìn nínú ẹbí mìíràn. Ẹni tí wọ́n lù ní àlùbolẹ̀ tàbí tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe nígbà tó wà lọ́mọdé lè gbé e dàgbà. Nígbà mìíràn, ẹ ò ní rí ìdí kankan, ilé kún, owó ń wọlé, ọkàn ṣì wó. Ẹ má fi ọtí tàbí igbó lé e o. Wọ́n á dà bí ẹni tó ń bá yín gbé ẹrù náà lálẹ́, wọ́n á sì fi kún un láàárọ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí nǹkan tí ẹ fẹ́ràn kò wù yín mọ́, tí oúnjẹ tàbí oorun ti yí padà, tí ẹ ò lè ka ojú ìwé kan parí, tí ẹ ń dá ara yín lẹ́bi ṣáá, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ń gbàdúrà, ó sì ń lọ di ẹsẹ̀ náà. Ìtọ́jú kan jẹ́ kí ẹ jókòó ti ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọkàn, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òmíràn jẹ́ oògùn, òun sì máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jẹ́ lára. Ọ̀pọ̀ ló ń dà á nù lọ́jọ́ karùn-ún pé kò ṣiṣẹ́. Bí ara bá sì yá, ẹ má dá a dúró fúnra yín; dókítà ló ń sọ ìgbà tí a ó dín in kù. Lẹ́yìn tí àìsàn náà bá lọ, oorun tó tó, ìrìn díẹ̀ lójúmọ́ àti ọ̀rẹ́ tí ẹ kì í purọ́ fún wà lára ohun tó lè máà jẹ́ kó tètè padà.

Mo fẹ́ ta ko òwe kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ti àwọn baba wa. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ìwà ìbàjẹ́ ni wọ́n fi òwe yẹn kọ́ wa láti sá fún, àìsàn kì í sì í ṣe ìwà ìbàjẹ́. Bí èrò ikú bá wọlé tọ̀ yín lóru, ẹ má dá wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ jí ẹnì kan. Ẹ kan ilẹ̀kùn mi, ẹ má wo aago. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rẹ́ yín lẹ ń fura sí, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ó lè jẹ́ òun gan-an ló ti ń retí kí ẹnì kan béèrè.

Èmi àti ọmọkùnrin yẹn ti jọ lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò tíì gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, ó lọ jókòó létí pápá, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi, ó ń bá ẹni tó gbá pẹ́nárítì sókè wí.