Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìkìlọ̀ fún Àwa Ará Aswani

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí àwọn èèyàn ń wọ́de lórí ebi àti ọ̀wọ́n gógó ọjà, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kánò àti Kàdúná gbé àsíá Rọ́ṣíà sókè, wọ́n ń jù ú fìrìfìrì. Kò pẹ́ tí àwọn agbófinró DSS fi kó àwọn aránṣọ tí wọ́n ní ó rán àsíá náà ní Kánò. Aránṣọ o! Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, tí oníbàárà gbé aṣọ funfun, búlúù àti pupa wá bá. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n mú nígbà ìwọ́de náà dé ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn, ebi sì ti hàn lára wọn débi pé àwọn kan ṣubú lulẹ̀ nílé ẹjọ́, kí Ààrẹ Tinubu tó ní kí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Àwọn tó ni àsíá wà ní Moscow, kò sẹ́ni tó mú wọn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ná ọjà Aswani l'Ékòó níbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohun tí mo fi ṣáájú nìyí nítorí pé ọjà aṣọ ni tiwa. Ìjà àwọn alágbára ayé kì í jìnnà sí ọlọ́jà aṣọ. Ẹ wo ohun tó wà lórí àtẹ: ṣòkòtò jíǹsì àti léèsì láti Ṣáínà, bélì òkìrìkà láti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, dọ́là la sì fi ń ṣírò púpọ̀ nínú wọn. Bí Ṣáínà àti Amẹ́ríkà bá fajú ro, owó ọkọ̀ òkun á gbéra, dọ́là á gbéra, oníbàárà á sì ní ọjà yín ti wọ́n jù. Orúkọ tí ọjà náà ń jẹ́ gan-an, orúkọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni. Síbẹ̀, bí ọjà ti ń ná lójú méjèèjì lónìí, aṣọ òkèèrè ló kún ibẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí ẹni tí kò ní aṣọ tirẹ̀ lọ́wọ́, kò ní ohun tí yóò fi dúnàádúrà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn ọ̀rẹ́ ńlá wọ̀nyí ti ṣe wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, lásìkò kòrónà, wọ́n lé àwọn ọmọ Nàìjíríà jáde ní ilé àti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sanwó rẹ̀ ní Guangzhou, ìlú tí púpọ̀ nínú yín ti ń kó ẹrù. Àwọn èèyàn sùn síta. Olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin nígbà náà, Femi Gbajabiamila, ránṣẹ́ pe aṣojú Ṣáínà, ó sì bá a wí lójú ayé. Ẹ tún wo Amẹ́ríkà. Ọdún 2003 ni wọ́n dá ètò PEPFAR sílẹ̀, òun ló sì ti ń kó oògùn àrùn HIV wá fún wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n dá owó ìrànwọ́ òkèèrè dúró lójijì, ìyẹn ló mú kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera. Lọ́dún kan náà, wọ́n bu owó ibodè lé ọjà wa. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n sọ físà ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà di oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn sì lè fi wọlé. Oṣù yẹn kan náà ni Ààrẹ wọn, Trump, halẹ̀ pé ìlú tó bá tẹ̀ lé BRICS, ẹgbẹ́ tí Ṣáínà àti Rọ́ṣíà wà nínú rẹ̀, yóò san owó ibodè ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Nàìjíríà sì ti di alábàáṣe BRICS láti oṣù kìíní.

Ṣé kí a wá kẹ̀yìn sí wọn ni? Rárá o. Owó tí a yá lọ́wọ́ Ṣáínà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Òṣòdì kọjá lọ sí Ìbàdàn, oògùn Amẹ́ríkà sì ti gba ẹ̀mí là. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a má ṣe fi ọrùn wa sí ọwọ́ ẹnì kankan nínú wọn.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń rin irú ọ̀nà yìí tipẹ́, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà Ṣáínà gan-an. Fiẹtnámù bá Amẹ́ríkà jagun, ogun náà kò sì parí títí di ọdún 1975. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, Ṣáínà kógun wọlé tọ̀ ọ́. Ìlú tí ojú rẹ̀ rí irú èyí ì bá kórìíra gbogbo ayé. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Biden, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, dé Hanoi, olú ìlú wọn. Ní oṣù kejìlá, Xi Jinping ti Ṣáínà dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Putin ti Rọ́ṣíà náà dé. Ìlú kan náà ló gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálejò, kò sí èyí tó lè fọwọ́ sọ̀yà nínú wọn pé tòun ni ín. Olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn nígbà náà, Nguyen Phu Trong, a máa fi ọparun ṣàpèjúwe ọgbọ́n wọn yìí: gbòǹgbò rẹ̀ dúró ṣinṣin, atẹ́gùn sì lè tẹ ẹ̀ka rẹ̀ síbi tó wù ú. Gbòǹgbò yẹn ni ká fiyè sí. Fiẹtnámù kò bá ìlú kan dìtẹ̀ mọ́ èkejì, kò sì gbà kí ọmọ ogun àjèjì tẹ̀dó sórí ilẹ̀ òun. Ó ní ìnira tirẹ̀ ṣá. Ọjà rẹ̀ wọ Amẹ́ríkà gan-an, nítorí náà nígbà tí Trump kéde owó ibodè ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún lé e ní oṣù kẹrin ọdún 2025, jìnnìjìnnì bò wọ́n, wọ́n sì dúnàádúrà títí ó fi wálẹ̀ sí 20.

Aládùúgbò wọn, Láòsì, kò rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bá Ṣáínà ṣe ọkọ̀ ojú irin tó tó bílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Ọkọ̀ náà yá, ó sì dára. Ṣùgbọ́n gbèsè ti gun ìlú náà lẹ́yìn, kódà kí ọkọ̀ náà tó gbéra, ilé iṣẹ́ Ṣáínà kan ti gba ìpín tó pọ̀ jù nínú àjọ tó ń pín iná mànàmáná wọn káàkiri. Ní Filipíìnì, Ààrẹ Duterte kẹ̀yìn sí Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, ó gbé ìdájọ́ lórí òkun tí ìlú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jàre Ṣáínà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí owó tí Ṣáínà ṣèlérí. Púpọ̀ nínú owó náà kò dé, ọkọ̀ ojú omi Ṣáínà kò sì yé yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tó jẹ tẹ̀lé e, Marcos, tún sáré padà, ó fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ibùdó mẹ́rin sí i lọ́dún 2023. Ìlú tó ń fò láti ẹ̀yìn ẹnì kan sí ẹ̀yìn ẹlòmíràn kò ní fara balẹ̀ láéláé.

Ọgbọ́n Fiẹtnámù yìí kò ṣàjèjì sí àwa náà. Ọdún kejì òmìnira wa, ní oṣù kìíní 1962, ni ìjọba wa fagi lé àdéhùn ogun tó ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti Awólọ́wọ̀ pariwo pé kò yẹ. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ta bàálù ogun fún wa, ọ̀dọ̀ àwọn ará Soviet la ti rà á, a sì ń ra ìbọn lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Èkó níbí náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, kí àwọn ìlú kéékèèké lè ní ẹnu kan. Màlì, Burkina Faso àti Nìjẹ́ẹ̀ ti jáde níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Nìjẹ́ẹ̀ lé ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ó gba ti Rọ́ṣíà wọlé. Ọ̀gá ló pààrọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní òmìnira fún yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kó ẹrù láti Guangzhou, ẹ má fi gbogbo owó sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá yín rajà níbẹ̀. Ẹ wá ọ̀nà kejì: aṣọ Tọ́kì ń bẹ, àdìrẹ Abẹ́òkúta àti aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn náà ń bẹ nílé. Láti ọdún 2018 ni báǹkì àpapọ̀ wa ti bá ti Ṣáínà ṣàdéhùn pípààrọ̀ náírà àti RMB, owó Ṣáínà, ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín bóyá ẹ lè rí i lò, kí gbogbo ìṣirò yín má bàa wà lórí dọ́là. Ẹ̀yin tó ń ta òkìrìkà, ẹ rántí pé òfin kò gbà á wọlé. Bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbẹ́sẹ̀ lé bélì yín, kò sí ẹni tí ẹ máa pè lẹ́jọ́. Nígbà ìbò, ẹ bi àwọn aṣòfin Òṣòdì-Ìsọlọ̀ léèrè owó tí a yá, èlé rẹ̀ àti ohun tí a fi dúró fún un. Bí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ má dìbò fún wọn.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ti àwọn ọmọ wa. Ní Rọ́ṣíà, ní àgbègbè Tatarstan, ibùdó ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Alabuga. Wọ́n ń wá ọ̀dọ́mọbìnrin ilẹ̀ Áfíríkà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 sí 22, wọ́n ń ṣèlérí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Nígbà tí àwọn ọmọ náà débẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn nídìí títo dúróònù ogun, tí oògùn inú iṣẹ́ náà sì ń jó wọn lára. Ukraine ti ju ohun ìjà síbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn èèyàn sì fara pa ní ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Ìpolówó irú iṣẹ́ yìí ń bẹ lórí fóònù, ó lè ti dé WhatsApp ọmọ yín báyìí. Ẹ gba fóònù náà lónìí, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tọ́jú páspọ́ọ̀tù rẹ̀ sọ́dọ̀ yín títí ẹ óò fi mọ ẹni tó ń pè é.