Irin Tí Iná Jí Okun Rẹ̀ Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ó bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó fi sípíríńgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ àdá, tí ó mú un pọ́n nínú iná, tí ó sì tì í bọ inú epo kí ó lè le, lè gbé e dé oko kí ojú rẹ̀ sì kú kí oòrùn tó mú. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe ìbínú Ògún Lákáayé. Okun irin náà ni iná jí lọ.

Kábọ̀n ni okun yìí, ohun kan náà tí ó pọ̀ jù lọ nínú èédú. Nínú 100 kílò irin sípíríńgì, kábọ̀n ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì kílò àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ti rí sí ọbẹ̀ ni ó rí sí irin: bí kò bá sí, iye ìgbà yòówù tí a tì í bọ epo, rírọ̀ ni yóò máa rọ̀.

Bí irin bá gbóná kọjá 700 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì, kábọ̀n inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èyí tí ó bá yọ sí ojú ara irin a pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì ń fẹ́, àwọn méjèèjì a di gáàsì, wọn a bá èéfín lọ. Èyí tí ó wà nínú a sún wá dípò rẹ̀, òun náà a sì lọ. Ojú ara irin tí kábọ̀n ti fi sílẹ̀ a di awọ rírọ̀. Bí iná bá ṣe le tó, tí irin sì ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó, ni awọ rírọ̀ náà ṣe ń nípọn tó.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí èédú jìn nínú àdògán, kí afẹ́fẹ́ lè bá èédú jà tán kí ó tó kan irin. Bí irin bá sì ti pọ́n kọjá ibi tí òòfà kò ti lè fà á mọ́ ní ìwọ̀n díẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹlòmíràn a fi amọ̀ ra á lára, a jẹ́ kí ó gbẹ kí ó tó wọ iná.

Lẹ́yìn tí a bá ti ti irin bọ epo, fáìlì ni yóò jẹ́rìí: bí eyín rẹ̀ bá jẹ awọ, tí ó sì ń yọ̀ nígbà tí ó kan inú, ẹ lọ awọ náà dànù, irin gidi wà nísàlẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ kì í fi lọ ojú àdá tán kí ó tó tì í bọ iná. Ó máa ń fi ara díẹ̀ sílẹ̀ fún iná láti jẹ.

Ìbéèrè

1. Kí ni iṣẹ́ kábọ̀n nínú irin?
2. Báwo ni a ṣe ń fi fáìlì mọ̀ pé awọ nìkan ni ó rọ̀?